Màmá mi sun tẹ́ṣàn torí gbèsè kajú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwọn tó ń béèrè ìdí tí mi ò fi kọ nǹkankan láti ọjọ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ màmá mi ló gbà mí lọ́kàn. Mo fẹ́ sọ ọ́ wàyí torí mo ti wá rí i pé ọ̀pọ̀ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni ò mọ ohun témi náà ò mọ̀ nígbà yẹn, àìmọ̀ yẹn náà ni wọ́n sì fi ń rẹ́ wa jẹ.

Òwò kajú ni màmá mi ń ṣe. Ẹni tó bá ti gbé ìlú yìí rí á mọ bó ṣe máa ń rí, gbogbo èèyàn á máa wá owó kiri tí wọ́n á fi san sílẹ̀ fáwọn àgbẹ̀ kí kajú tó pọ́n. Màmá mi gba ₦240,000 lọ́wọ́ obìnrin kan ládùúgbò wa pé àwọn á bá a kó kajú, wọ́n pín owó náà fún àgbẹ̀ méjì, ọ̀kan kó tiẹ̀ wá, èkejì ò rí nǹkan kó torí òjò ti gbọn òdòdó kajú ẹ̀ dànù. Èyí tó wọlé ò ju ti ₦90,000 lọ, ó ku ₦150,000 nílẹ̀. Màmá mi ń bẹ obìnrin náà, òun náà ní òun ti gbọ́, àfi bó ṣe di Ọjọ́bọ̀ kan nírọ̀lẹ́ tí ọlọ́pàá méjì yọ sí wọn ní ìsọ̀ ní Tákíẹ́.

Jìbìtì ni wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀sùn. Màmá mi, ẹni ọdún 63, sun orí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn káńtà mọ́jú. Ilẹ̀ mọ́ tán wọ́n ní ká mú ₦30,000 wá ká tó lè gba béèlì wọn, bẹ́ẹ̀ wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri gbàgàdà níbẹ̀ pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Ẹ̀rù bà mí, mo san án. Wọ́n tún ní kí màmá tọwọ́ bọ̀wé pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àwọn á san gbogbo ẹ̀ pátá. Nínú kẹ̀kẹ́ tá a wọ̀ lọ sílé wọn ò sọ̀rọ̀ rárá, ìgbà tó kù díẹ̀ ká délé ni wọ́n bi mí pé, "Ṣé èmi náà ti wá di olè báyìí?" Mi ò rí èsì fún wọn.

Àbúrò mi ọkùnrin wà ní Dubai, òun àtàwọn ọmọ Filipínì ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Obìnrin kan wà nínú wọn tó dàgbà díẹ̀, Ate ni gbogbo wọn ń pè é, ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n obìnrin lédè wọn, Kuya ni wọ́n ń pe ti ọkùnrin, àwọn náà kì í ya ẹnu pe àgbà lórúkọ. Lọ́jọ́ tí mo pe àbúrò mi tí mò ń sunkún, Ate wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ní kí ló dé, ó ṣàlàyé fún un. Ohun tí obìnrin yẹn kọ́kọ́ béèrè ni pé ṣé kò sí barangay lọ́dọ̀ tiwa ni, kí ló kan ọlọ́pàá nínú gbèsè? Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, mo gbọ́ ọ tó ìgbà mẹ́ta, lẹ́yìn ìyẹn mo jókòó ti fóònù mi láti ka òfin wọn àti òfin tiwa.

Barangay ni ìjọba tó kéré jù lọ́dọ̀ wọn, ẹ ṣáà fi í wé àdúgbò tó ní ìjọba tiẹ̀, wọ́n lé ní 42,000 káàkiri orílẹ̀-èdè wọn. Wọ́n máa ń dìbò yan olórí ẹ̀, Kapitan ni wọ́n ń pè é. Láti 1978 ni wọ́n ti ṣòfin, wọ́n sì tún un kọ sínú òfin ìjọba ìbílẹ̀ wọn ti 1991, pé bí èèyàn méjì tó ń gbé ìlú kan náà bá ń jà torí owó, torí ààlà, torí èébú, ọ̀dọ̀ Kapitan ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ. Tí ẹnikẹ́ni bá fò ó dá lọ sí kọ́ọ̀tù láìgba ìwé lọ́dọ̀ barangay, kọ́ọ̀tù lè dá ẹjọ́ ẹ̀ nù. Ọjọ́ 15 ni Kapitan ní láti fi parí ẹ̀. Bí apá ẹ̀ ò bá ká a, àwọn oníjà fúnra wọn á yan èèyàn mẹ́ta láàárín àwọn tí barangay ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yẹn, àwọn náà á tún fi ọjọ́ 15 gbìyànjú, wọ́n sì lè fi ọjọ́ 15 mìíì kún un. Lọ́yà ò gbọ́dọ̀ báni sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kálukú ló máa fẹnu ara ẹ̀ sọ tẹnu ẹ̀. Ate ní bàbá òun náà ti jókòó níwájú Kapitan rí torí oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ tí aládùúgbò kan rà láwìn, wọ́n parí ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì ṣì ń kíra wọn dòní.

Mo ní, ṣebí ohun táwa náà ń ṣe nìyẹn? Baálé agboolé ńkọ́, àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ìyálọ́jà, gbogbo wọn ló ń parí ìjà, àwọn bàbá wa ló kúkú sọ ọ́ pé a kì í ti kọ́ọ̀tù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Àmọ́ ibi tí tiwọn ti ju tiwa lọ ni pé wọ́n máa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n á kọ àdéhùn náà lédè tó yé àwọn méjèèjì, wọ́n á fọwọ́ sí i, tí ọjọ́ 10 bá sì kọjá tí ẹnikẹ́ni ò jáde wá sọ pé wọ́n tan òun tàbí wọ́n fipá mú òun, ìwé yẹn ti di ìdájọ́ kọ́ọ̀tù nìyẹn. Láàárín oṣù mẹ́fà, barangay fúnra ẹ̀ lè mú kí ẹni tó jẹ gbèsè ṣe ohun tó fọwọ́ sí. Tiwa ńkọ́, a jókòó, a gbàdúrà, a jẹ obì, a dìde, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ẹnìkan á ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Kí ni àgbà máa fi jẹ́rìí? Ibi tí ìjà kejì ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìjà kejì yẹn ló sì ń délé ọlọ́pàá.

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé òfin tiwa náà ò fara mọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún màmá mi. Òfin ọlọ́pàá Nàìjíríà ti 2020, abala 32, ìlà kejì, sọ ọ́ kedere pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn torí ọ̀rọ̀ gbèsè lásán tàbí torí pé àdéhùn yẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sì mú torí ọ̀ràn gidi, tí kọ́ọ̀tù bá wà nítòsí láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni ìwé òfin ilẹ̀ wa fún wọn láti gbé e débẹ̀. Kọ́ọ̀tù sì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ìdí tí wọ́n fi máa ń kọ jìbìtì nìyẹn, torí ọ̀ràn ni jìbìtì, gbèsè kì í ṣe ọ̀ràn. Ẹni tó gbowó tó sì ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun ò ní kó ọjà, jìbìtì nìyẹn. Ẹni tó gbowó, tó pín in fún àgbẹ̀, tí òjò wá ba nǹkan jẹ́, tó ti dá díẹ̀ padà, gbèsè ló jẹ.

Ní Filipínì, ìwé òfin wọn ti 1987 tiẹ̀ kọ ọ́ pé wọn ò gbọ́dọ̀ ju ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n torí gbèsè. Ẹ má wá torí ìyẹn sọ pé ẹ ò ní san gbèsè o. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó lè lọ kọ́ọ̀tù, kọ́ọ̀tù sì lè gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù onígbèsè, tó bá sì hàn pé ó lówó lọ́wọ́ tó kàn kọ̀ tí ò fẹ́ san ni, adájọ́ níbí lè fìyà jẹ ẹ́. Sọ́wẹ́dowó tí kò sówó nídìí ẹ̀ náà, ọ̀ràn ni lọ́dọ̀ wa, ọ̀ràn ni lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ti ṣòfin tiwọn láti 1979. Ti àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù, tí wọ́n á máa fi àtẹ̀jáde ránṣẹ́ sí pásítọ̀ yín àtàwọn àna yín pé olè ni yín, ìjọba Filipínì ti fòfin dè é láti 2019, àjọ FCCPC, ìyẹn àjọ ìjọba wa tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, sì ti gbé ìlànà jáde fún tiwa láti 2022, ẹ kó gbogbo àtẹ̀jáde yẹn pamọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn.

Bí mo ṣe padà lọ bá obìnrin náà nìyẹn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, owó yín ò ní ṣègbé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ Baba Baálé." Mi ò ní purọ́, inú mi ò dùn sí i, ṣùgbọ́n owó tiẹ̀ náà ni, òun náà yá apá kan nínú ẹ̀ ni. Baba Baálé gbọ́ tẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni já lu ọ̀rọ̀ ẹnikejì, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá àgbà òṣìkà ni. Wọ́n pín in sí ₦25,000 lóṣù kan, oṣù mẹ́fà. Ni mo bá yọ bírò. Àwọn kan níbẹ̀ ń kùn pé ṣé a ò fọkàn tán àwọn àgbà mọ́ ni, mo bẹ̀ wọ́n, mo ṣàlàyé fún wọn pé Supreme Court wa fúnra ẹ̀ ti sọ lọ́dún 1991, nínú ẹjọ́ Agu àti Ikewibe, pé ẹjọ́ táwọn àgbà bá dá lábẹ́ àṣà lè de àwọn oníjà, tó bá jẹ́ pé tinútinú ni wọ́n gbé e wá, tí wọ́n sì ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ohun tí wọ́n bá sọ labẹ gé. Tí kò bá sí ìwé, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ fi gbogbo ìyẹn hàn? Mo kọ ọ́ lédè Yorùbá, ìwé méjì tó jọra, ọjọ́ àti déètì, iye owó, ọjọ́ tí wọ́n á máa san án, ẹlẹ́rìí méjì. Obìnrin náà sáìnì, màmá mi tẹ̀ka. Èmi àti obìnrin náà jọ mú ẹ̀dà kan lọ sí tẹ́ṣàn pẹ̀lú abala 32 tí mo ti ní kí wọ́n tẹ̀ jáde fún mi, ó ní òun ti jáwọ́ nínú ẹ̀sùn náà. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ kà á, ó ní kò burú. ₦30,000 tiwa ò padà wá.

Ohun kan wà tí mi ò ní dákẹ́ lé lórí. Ate sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ọkọ tó ń lu ìyàwó ò sí lára ohun tí Kapitan lè bá wọn parí, òfin wọn ti 2004 ò tiẹ̀ gbà kí àwọn barangay máa rọ obìnrin kó fi ẹjọ́ sílẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ibẹ̀ gan-an làwọn àgbà ti máa ń yá jù, wọ́n á ní kó máa ṣe sùúrù, kó ro tàwọn ọmọ. Ẹ̀yin obìnrin, tọ́rọ̀ bá ti di lílù, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ Baálé o, ọlọ́pàá ni kẹ́ ẹ lọ bá, iṣẹ́ tiwọn nìyẹn.

Àwọn tó bi mí pé báwo ni láńlọ́ọ̀dù ṣe lè lé èèyàn kúrò nílé: tó bá jẹ́ ọdọọdún lẹ ń san owó ilé, tí ìwé àdéhùn yín ò sì sọ nǹkan mìíì, nótíìsì oṣù mẹ́fà ló tọ́ sí yín, ti oṣooṣù oṣù kan, lẹ́yìn náà ìwé ọlọ́jọ́ méje kó tó kan kọ́ọ̀tù. Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣí páànù lé yín lórí. Èmi kì í ṣe lọ́yà, tí ọ̀rọ̀ bá ti le, ẹ wá lọ́yà, ẹni tí owó tó ń wọlé fún un ò bá ju owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí lọ lè lọ bá Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń wá lọ́yà fáwọn aláìlówó, ọ̀fẹ́ ni.

Màmá mi ti san oṣù méjì báyìí. Wọn kì í jẹ́ kí n bá wọn mú owó náà lọ, fúnra wọn ni wọ́n ń gbé ìwé yẹn dání nínú ọ̀rá, obìnrin náà á sáìnì sẹ́yìn ẹ̀ kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó bi wọ́n bóyá wọ́n á ṣì bá òun kó kajú lọ́dún tó ń bọ̀. Màmá mi ní àwọn á bá a kó o, ṣùgbọ́n kó lọ mú bírò wá ná.