Bàtà bàbá àgbà

Sátidé, alẹ́.

Iná ò sí látàárọ̀, fóònù mi ti ń kú lọ, síbẹ̀ mápù Oregon Trail, ọ̀nà táwọn tó ń ṣí lọ sí ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà rìn láyé àtijọ́, ni mo ṣì ń wò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Boise, ní Amẹ́ríkà níbẹ̀, ní tí físà bá ti bọ́ sí i kí n jẹ́ ó di oṣù kẹsàn-án, torí oòrùn oṣù keje ibẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ, kò sì sígi téèyàn máa sá sábẹ́ ẹ̀. Látilé wọn, bíi wákàtí méjì ni mọ́tò máa gbé wa dé Baker City, níbi tí ìjọba kọ́ ilé ìtàn ọ̀nà náà sí lórí òkè Flagstaff lọ́dún 1992. Ilẹ̀ ìjọba ni, gbogbo ará ìlú ló ni ín, ipa kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù fà kọjá ṣì wà nísàlẹ̀ òkè yẹn, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀.

Ọ̀nà ọ̀hún gùn tó bíi 3,490 kìlómítà, láti Independence ní Missouri dé Oregon City, oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà làwọn tó ń ṣí lọ fi ń rìn ín kí rélùwéè tó dé lọ́dún 1869, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn sì fi rìn ín torí ẹrù ti kún inú kẹ̀kẹ́, onígbáméjì pa wọ́n lójú ọ̀nà gan-an. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n sì ń là kọjá o, ilẹ̀ àwọn Shoshone, àwọn Cayuse, àwọn ẹ̀yà tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìrìn yẹn dà wọ́n láàmú, mo fẹ́ gbọ́ ìtàn tiwọn náà tí mo bá débẹ̀.

Kí ló wá kan ọmọ Iléṣà níbẹ̀? Òṣómàáló ni bàbá àgbà mi. Aṣọ á wà lórí, wọ́n á rìn dé ìlú onílùú, wọ́n á tà á láwìn, tọ́jọ́ owó bá pé wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, òṣó ni màá ló gbowó mi. Bàtà wọn ṣì wà nínú àpótí màámi, táyà ni wọ́n gé ṣe ìsàlẹ̀ ẹ̀, gìgísẹ̀ ti òsì ti jẹ ju ti ọ̀tún lọ, mo kìka bọ̀ ọ́ lónìí, ibi tí àtàǹpàkò wọn máa ń tẹ̀ ti jin kòtò bí ojú ọpọ́n ayò. Àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n rìn, kò síbi tí mo lè dúró sí kí n ní ibí ni wọ́n gbà, òmíì ti di títì, òmíì ti di oko kòkó. Mo kàn fẹ́ fojú ara mi rí ọ̀nà táwọn èèyàn fẹsẹ̀ là, tí wọ́n dá sí.

Lọ́la màá lọ gun Olúmirin ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, kí ẹsẹ̀ mi lè máa mọ́ ọn lára. Mo bi màámi bóyá mo lè gbé bàtà yẹn dání lọ sí Amẹ́ríkà. Wọn ò dáhùn, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ, ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó ní, "Mú ti òsì. Fi ọ̀tún sílẹ̀ fún mi."