Àwòdì Ni Mo Ń Bú Láti Oṣù Kìn-ín-ní

Ọjọ́ kejì ọdún yìí ni mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan ní Ọjà Tákíẹ̀. Mo kọ "Ọ̀sìn 2025" sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo fi òwú ìránṣọ so bírò mọ́ ọn kí àwọn ọmọ má baà gbé e lọ síléèwé. Ohun tó fà á ni pé àbúrò mi bi wá nígbà Kérésì pé adìyẹ mélòó la ní. Mo ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọ mi ọkùnrin ní ọgbọ̀n. Màámi ní kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe tó fi ń bèèrè. Nígbà tí adìyẹ wọlé lálẹ́ tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn, mẹ́tàlélógún ni.

Màámi kò fẹ́ràn ìwé náà rárá. Wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, adìyẹ náà sì bímọ. Mo ní, "Màámi, tiwa mà ni wọ́n."

Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ lo yé wọn ni?"

Iye tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọdún nìyí: adìyẹ 23, pẹ́pẹ́yẹ méjì, ewúrẹ́ mẹ́rin, ajá kan tó ń jẹ́ Tanímọ̀la, àti ológbò kan tí kò gbà pé òun jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Abà bàbá mi la wà, ní apá Ìkọ̀yí-Ilé, níbi tí ọ̀kadà ti ń yà kúrò lójú ọ̀dà wọ inú eruku. Ọdún kẹta rèé tí mo ti kó ẹ̀rọ ìránṣọ mi kúrò nígboro Ògbómọ̀ṣọ́ wá síbí. Màámi kọ̀ láti wá bá mi gbé ní ìgboro, oorun ò sì kùn mí mọ́ nígbà tí mo bá rántí pé àwọn nìkan ló wà lóko. Aṣọ rírán ni iṣẹ́ mi. Ẹran ọ̀sìn wà fún owó ọbẹ̀, tàbí kí n sọ pé ohun tí mo rò nìyẹn.

Ọyẹ́ ló kó wàhálà dé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìn-ín-ní, àkùkọ ńlá kò kọ mọ́. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ju apá méjèèjì sílẹ̀ bí ẹni tó wọ agbádá ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Ìgbẹ́ rẹ̀ di àwọ̀ ewé. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ọrùn rẹ̀ ti lọ́, ó ń yí po lójú kan náà. Ẹni tó bá ti sin adìyẹ rí ti mọ orúkọ tí mo fẹ́ pè: lúkúlúkú. Aládùúgbò kan ní kí n lọ ata sínú omi wọn. Òmíràn ní kí n ra kápúsù lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, kí n tú u sínú ògì. Mo ṣe méjèèjì. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa lúkúlúkú, kápúsù kò ràn án. Tó bá ti wọ agbo, kò sí oògùn tó ń lé e jáde. Àjẹsára tó ti wà lára adìyẹ kí àrùn tó dé nìkan ló ń gbà á sílẹ̀. Kí oṣù tó parí, mo ti gbẹ́ ihò fún adìyẹ 14. Mẹ́sàn-án ló kù.

Kì í ṣe pé n kò mọ̀ nípa àjẹsára o. Mo mọ̀. Ìgò tí wọ́n ń tà nígboro, adìyẹ igba ló wà fún. Adìyẹ 23 ni mo ní. Inú yìnyín ló gbọ́dọ̀ wà láti ṣọ́ọ̀bù dé ilé. Tí a bá sì ti pò ó mọ́ omi, láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì ni kí wọ́n mu ún tán. Èyí tó bá ṣẹ́kù, dídànù ni. Mo ronú sí owó ìgò, mo ronú sí owó ọ̀kadà, mo ní ó di oṣù tó ń bọ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ nínú oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá nìyẹn, bí mo ṣe sọ ọ́ nínú oṣù kọkànlá nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwòdì ni mo gbájú mọ́.

Àwòdì rọrùn láti bínú sí. Ó ń bọ̀ lọ́sàn-án gangan, gbogbo ilé ń rí i, gbogbo ilé ń pariwo, ìyá adìyẹ ń fò sókè, ọmọdé ń ju òkò. Nígbà tí adìyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọmọ nínú oṣù kejì, mo da búlúù ìfọṣọ sómi, mo fi kun gbogbo ọmọ adìyẹ lára, torí wọ́n ní àwòdì kì í gbé ohun tí kò bá dá mọ̀. Màámi jáde síta, wọ́n rí àwọn ọmọ adìyẹ tó ń tò lọ ní búlúù kan náà, wọ́n ní, "Ta ló ń ṣègbéyàwó?" Mo ra àwọ̀n, mo ta á bo apá kan àgbàlá. Mo ra rọ́bà tuntun sí kànnàkànnà ọmọ mi. Ní gbogbo oṣù kẹta àti ìkẹrin, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ọ̀sìn lọ́wọ́ mi, èsì mi kan náà ni: "Àwòdì kò jẹ́."

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo wá jókòó ti ìwé náà, tí mo to àwọn òkú lọ́nà-lọ́nà. Adìyẹ 34 ló kú lọ́dún yìí, àgbà àtèwe. Lúkúlúkú pa 14. Òjò àti òtútù pa mẹ́jọ. Ejò gbé méjì, ọ̀kadà tẹ ọ̀kan. Márùn-ún wà tí mo kọ "àìmọ̀" sí níwájú. Mo ti bi Tanímọ̀la, ó wò mí, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwòdì gbé mẹ́rin.

Mẹ́rin péré! Mo tún un kà, torí mo rò pé mo fo ojú ewé kan ni. Owó àwọ̀n nìkan tó ra ìgò àjẹsára mẹ́rin. Àwọn mẹ́jọ tí mo ní òjò pa yẹn, alẹ́ ọjọ́ kan péré nínú oṣù karùn-ún ni. Ilẹ̀ ni ilé adìyẹ wà, nítorí èmi fúnra mi ni mo ní kí káfíńtà má gbé e sókè, kí owó pákó má baà pọ̀. Omi wọlé lóru, ìyá adìyẹ dúró, àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ kò lè dúró. Mo kọ "òjò" sínú ìwé bí ẹni pé òjò ló dá a ṣe. Nísinsìnyí ilé ti wà lórí òpó, ìgbọ̀nwọ́ méjì sílẹ̀, mo sì máa ń da eérú sínú ìtẹ́ wọn nítorí yòrò.

Ewúrẹ́ ṣe dáadáa jù adìyẹ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ló fún mi ní ẹjọ́ rò. Àgbàsìn ni ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn, ti obìnrin kan nígboro tí mo máa ń rán aṣọ fún. Àdéhùn wa ni pé tó bá bímọ, a jọ máa pín in. Ó bí mẹ́ta nínú oṣù kẹrin, ọ̀kan kú lọ́jọ́ kẹta. Èmi ti fẹ́ sin ín, Màámi ní kí n dúró, kí n fi fóònù ya á. Màámi tí kò fẹ́ kí n ka adìyẹ! Wọ́n ní ẹni tó bá ń gbàsìn gbọ́dọ̀ ní ohun tó máa fi hàn. Nígbà tí olóhun dé, ohun tó kọ́kọ́ tẹnu rẹ̀ jáde ni pé, "Wọ́n ní mẹ́ta ló bí?" Mo na fóònù sí i. Ó wò ó pẹ́, ó ní ó mà ṣe o. Ó mú abo, ó fi akọ sílẹ̀ fún mi. Mo ṣì ń rán aṣọ rẹ̀.

Nínú oṣù kẹjọ, èyí tó lóyún nínú tèmi já okùn, ó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń bó pákí lẹ́yìn abà, ó sì jẹ èèpo tútù yó. Èèpo tó ti gbẹ lóòrùn kò ní wàhálà, gbogbo wa la ń fún ẹran. Tútù ló ń ṣekú pani. Ìgbà tí mo fi rí i, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ òsì ti wú bí ìlù, ó ń ké, ó ń fi ẹsẹ̀ gba ilẹ̀. Mo sáré bu epo pupa, mo fi rọ ọ́ lọ́fun. Ìyá Fúlàní tó ń ta wàrà fún wa ló kọjá lákòókò yẹn. Ó sọ igbá wàrà kalẹ̀, ó ní kí n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú lé orí pèpéle kí orí rẹ̀ ga ju ìdí lọ, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra á níkùn lápá òsì. Ó tó ìṣẹ́jú mélòó kan kí ó tó gùfẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ ìgùfẹ̀ tó dùn létí mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní kí ìyá náà gba owó, ó kọ̀. Mo ra gbogbo wàrà tó kù nínú igbá. Ọjọ́ mẹ́ta la fi jẹ ẹ́, àwọn ọmọ ní àwọn ti ń gbóòórùn bọ̀mubọ̀mu, ewé tí wọ́n fi ń mú wàrà dì, lójú oorun. Ewúrẹ́ yẹn bí ìbejì nínú oṣù kẹsàn-án, méjèèjì wà láàyè.

Òbúkọ ni mo fi ọwọ́ ara mi bà jẹ́. Iléyá bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù kẹfà lọ́dún yìí. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú rẹ̀, oníbàárà kan wá láti ìgboro, ó dá owó gidi lé e. Mo ní kò tó, ẹlòmíràn máa wá. Ẹlòmíràn wá lóòótọ́, lẹ́yìn Iléyá, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti jẹ ẹran sú. N kò ní í kọ iye tí mo tà á síbí.

Nípa oúnjẹ, ewé kò wọ́n wa: agúnmániyẹ̀ ni ọgbà wa, ìyeyè wà lẹ́yìn ilé, àti pé láàárín oṣù kejì sí ìkẹrin, ìdí igi kajú ni ewúrẹ́ ń sùn sí. Àgbàdo ló ń bá wa jà. Ògbómọ̀ṣọ́ Àjílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ̀kà kí wọ́n tó mùkọ yangan. Lọ́dún yìí adìyẹ ti kọ́kọ́ jẹ yangan kí ó tó kan ẹ̀kọ.

Ohun kan ṣoṣo tí inú mi dùn sí jù lọ nínú ìwé náà wà lójú ewé oṣù kọkànlá. Kí ọyẹ́ tó dé, mo lọ láti ojúlé sí ojúlé nínú abà wa. Mo ní kí ìyá kọ̀ọ̀kan sọ iye adìyẹ rẹ̀ fún mi. Ẹ lè fojú inú wo bó ṣe rí. Àwọn ìyá tí kì í ka adìyẹ! Ọ̀kan ní, "Kọ ohun tó bá wù ọ́." A dá owó ìgò kan jọ, ìdílé méje, kò ju owó ọṣẹ lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo gbé fúlásíìkì lọ sígboro, mo ra yìnyín kí n tó ra oògùn. Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tí mo dé, iná ti lọ láti àná, fíríìjì ń kán omi sílẹ̀, onítọ̀hún sì tún fẹ́ tà á fún mi. Mo jáde, mo lọ síbòmíràn.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a kó omi kúrò nílẹ̀ níwájú gbogbo adìyẹ abà kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n. Láàárọ̀ kùtùkùtù a fa omi kànga, èyí tí kò sí kẹ́míkà nínú rẹ̀, mo da mílíìkì ìyẹ̀fun díẹ̀ sí i, torí ó máa ń dáàbò bo oògùn náà, kí n tó po àjẹsára mọ́ ọn. Màámi dúró tì mí. Wọ́n ní, "Adìyẹ ń mu mílíìkì. Èmi ń mu ògì lásán." Mo bu mílíìkì sí ògì wọn kí àlàáfíà lè wà. Àwọn ọmọ ń sáré gbé abọ́ láti ilé dé ilé, kí wákàtí méjì tó pé ìgò ti tán. Oṣù Ọ̀pẹ ti ń parí lọ, ọyẹ́ ti ń la ètè wa, n kò tíì rí adìyẹ kankan tó ju apá sílẹ̀ nínú abà. N kò sọ pé ó ti tán o. Ọyẹ́ ṣì kù.

Alẹ́ àná ni mo fẹ́ pa ìwé dé. Àwọn ọmọ adìyẹ 47 tó jáde láti inú ẹyin lọ́dún yìí, mo fi kún àwọn mẹ́sàn-án, mo yọ 20 tó kú lẹ́yìn oṣù kìn-ín-ní, mo yọ mẹ́jọ tí a tà àti mẹ́ta tí a jẹ. Ó yẹ kó ku 25. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo rí 24. Mo tún kà á, 24. Màámi wà lórí ẹní, wọn ò dìde, wọn ò wẹ̀yìn.

"Òpìpì ni kò wọlé," wọ́n ní.

Òpìpì kò ní ìyẹ́ apá tó lè fi fò. Bí ilẹ̀ bá ṣú bá a níta, ejò tàbí ajá kiri ló máa ni ín. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é káàkiri, Màámi ti di ìró, wọ́n gba ẹ̀yìn ilé ewúrẹ́ lọ tààrà, sí ìdí agúnmániyẹ̀, wọ́n ní kí n tan iná síbẹ̀. Ó sàba lé ẹyin, ó ń wò wá pẹ̀lú ìbínú.

Mo ní, "Ẹ ti mọ̀ pé ó ń yé síbí?"

"Ìwọ lo ní ìwé," wọ́n ní.

A fi àgò dé e mọ́lẹ̀, a gbé òkúta lé e. Mo na ọwọ́ pé kí n gbé apá rẹ̀ sókè wo iye ẹyin, Màámi lù mí lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ àná ló bẹ̀rẹ̀ sí í sàba, ọjọ́ 21 rẹ̀ bọ́ sí ogúnjọ́ oṣù tó ń bọ̀, láàárín ọyẹ́ gan-an, mo sì tún gbọ́dọ̀ lọ bá ìdílé méje pé ká dá owó ìgò. Mo kọ 25 sí iwájú adìyẹ. Iwájú ẹyin ṣófo.