Rúùfù Ìjàpá Tí Mo Fà Ya ní Ìrẹ̀mọ

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ìjókòó mọ́tò, ọ̀rọ̀ rúùfù ni mo fẹ́ bá yín sọ, aṣọ tó bo àjà mọ́tò nínú. Kì í ṣe ti Toyota ayé òde òní o. Ìyẹn kò le púpọ̀: páálí ni wọ́n lẹ aṣọ onífóòmù mọ́. Tí fóòmù bá ti gbó tó di ìyẹ̀fun, ẹ ó yọ páálí, ẹ ó ha á mọ́ tónítóní, ẹ ó lẹ òmíràn. Ti Ìjàpá, Volkswagen Beetle àtijọ́, ni mo ń wí, tí aṣọ rẹ̀ ń rọ̀ lórí wáyà bí àgọ́.

Mi ò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́yìn fúrídọ́ọ̀mù mi nígbà tí bàbá kan ní Ìrẹ̀mọ, ní Ilé-Ifẹ̀, ránṣẹ́ pè mí. Òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ni wọ́n. Wọ́n ti wà ní Yunifásítì Ifẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ìjọba tó fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè é ní 1987. Ìjàpá wọn wà lára àwọn tí wọ́n tò pọ̀ ní Èkó lẹ́yìn tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Volkswagen níbẹ̀ ní 1975. Kò ṣeé wà dé ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágéré, nítorí náà abẹ́ igi máńgòrò àgbàlá wọn ni mo ti ṣe é. Ọjọ́ méjì ni mo dá fún wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà.

Ohun tó kó mi sí wàhálà kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Aṣọ ti ya, ó ń rọ̀ dirodiro sórí awakọ̀. Mo di etí rẹ̀ mú, mo fà á. Fàà! Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi. Mo ju àwọn ègé rẹ̀ sórí ààtàn, mo sì kó gbogbo wáyà jọ sí igun kan bí igi ìdáná.

Àwọn ará òkè òkun lè ra rúùfù Ìjàpá tí wọ́n ti rán sílẹ̀, kíkọ́ ọ sókè nìkan ló kù. Níbí, àwa la ó gé e, àwa la ó rán an. Kí lẹ ó fi wọ̀n ọ́n? Mo fojú wọ̀n ọ́n ní tèmi. Lẹ́dà funfun oníhò wínníwínní tí mo lọ rà ní Ìbàdàn kúrú ní ẹ̀yìn, kò dé etí gíláàsì. Àwọn wáyà náà kò gùn bákan náà, wọn kò sì tẹ̀ bákan náà. Èyí tí mo fi sí iwájú ń ti aṣọ sókè, èyí tí mo fi sí àárín ń já bọ́. Odidi ọjọ́ kan ni mo fi jókòó sílẹ̀, tí mò ń pààrọ̀ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo lọ bá ọ̀gá mi. Mo ròyìn títí, wọn kò dá mi lóhùn. Nígbà tí mo dákẹ́, wọ́n ní, “Èyí àtijọ́ dà?”

Mo ní ó wà lórí ààtàn.

Wọ́n ní, “Lọ kó o.”

Àwọn ọmọ-ọmọ bàbá ti fi ègé kan ṣe òrùlé ilé ìṣeré wọn. Súìtì ni mo fi gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo tò gbogbo ègé náà sórí ẹní, mo fi téèpù so wọ́n pọ̀ bí àwo tó fọ́, mo sì ya àwòrán wọn sórí páálí. Lẹ́yìn náà ni mo tún padà sí Ìbàdàn lọ ra lẹ́dà kejì. Owó tèmi ni.

Nítorí náà, báyìí ni mo ṣe ń tú u nísinsìnyí. Bátìrì Ìjàpá wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Mo máa ń tú orí rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan iná àjà. Gíláàsì iwájú àti ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jáde, torí abẹ́ rọ́bà wọn ni etí aṣọ ń gbà kọjá. Bí wáyà kọ̀ọ̀kan bá ti ń jáde ni mo ń lẹ téèpù mọ́ ọn, mo ń kọ nọ́ńbà sí i láti iwájú, mo sì ń fàmì sí ihò tó ti jáde. Abẹ ni mo fi ń tú ojú rírán, mi ò ní fà á. Mo ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí àárín ègé kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fi ínǹṣì méjì kún gbogbo etí. Àpò tí wáyà ń gbà kọjá, aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ẹ̀yìn ojú rírán ni mo ń rán an mọ́. Ẹ gé àpò yìí kúrú díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì; bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, aṣọ yóò hunjọ lókè ilẹ̀kùn, ẹ ó sì fà á títí ọwọ́ yóò fi bó.

Nígbà tí òkè mọ́tò wà níhòòhò, mo rí i pé ẹ̀bá gọ́tà omi òjò tó wà létí òrùlé mọ́tò ti dípẹtà, ó ti lu jáde ní ibì kan. Ó ṣe mí bíi kí n bò ó. Ta ni yóò rí i? Àmọ́ bàbá ti gbé ìjókòó síta, wọ́n ń wò mí. Wẹ́dà wá, a fi sáńpépà ha á, a kun ọ̀dà. Kí iná wẹ́dà tó wọlé ni aṣọ tuntun ti gbọ́dọ̀ jìnnà, ẹ̀yin náà mọ ìyẹn.

Ọyẹ́ ló wà nílùú nígbà náà. Ní àárọ̀ ọyẹ́, lẹ́dà máa ń gan. Bí ẹ bá kọ́ ọ ní gígan, nígbà tí oòrùn ọ̀sán bá kan páànù orí mọ́tò, yóò rọ̀, yóò sì hunjọ. Orí ẹní ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí nínú oòrùn títí yóò fi rọ̀ bíi pọ̀nmọ́ tó jinná, kí ẹ wá kọ́ ọ ní gbígbóná lábẹ́ òjìji. Bó bá ti ń tutù, yóò fa ara rẹ̀ le bí awọ ìlù. Láti ẹ̀yìn ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo ń fa àárín síwájú, mo ń fa àárín sẹ́yìn, kí n tó kan ẹ̀gbẹ́: ọ̀tún díẹ̀, òsì díẹ̀. Pẹ́ẹ̀gì ìsáṣọ ni mo fi ń dì í mú. Bó bá hunjọ, ẹ tú u. Ẹ má fagbára fà á.

Ìgbà tó bá tẹ́ mi lọ́rùn ni mo ń kan gọ́ọ̀mù àwọn aránbàtà. Mo ń tú pẹ́ẹ̀gì díẹ̀díẹ̀, mo ń kun etí aṣọ, mo ń kun irin, mo sì ń dúró. Ìdúró yìí ni àwọn ọmọ iṣẹ́ kì í fẹ́. Bí ẹ bá fi ẹ̀yìn ìka kàn án tí kò bá ìka lọ mọ́, ìgbà náà ni kí ẹ lẹ aṣọ mọ́ irin, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn o. Èmi ti ilẹ̀kùn nítorí eruku, nígbà tí mo jáde mò ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mu ògógóró, ìyá ilé sì ń fojú burúkú wò mí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣáná sí sìgá nítòsí, nítorí gọ́ọ̀mù náà máa ń gbiná.

Ihò iná ni ìparí. Mo gé e nígbà tí aṣọ ṣì ń rọ̀. Nígbà tí mo fà á tán, ihò ti sún ní ìwọ̀n ìka méjì. Bọ́tìnì ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná nínú Ìjàpá náà, bàbá rò pé ọ̀ṣọ́ ni, títí mo fi jẹ́wọ́ fún wọn.

Gíláàsì ní tirẹ̀, okùn ni ẹ ó fi sínú ojú rọ́bà yípo, ẹ ó pa omi ọṣẹ sí i. Ẹnì kan á máa ti gíláàsì láti ìta, ẹnì kejì á máa fa okùn láti inú. Ẹ má dá a ṣe.

Páálí Ìjàpá náà ṣì wà lórí ìṣó nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágéré. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wá yà á sórí páálí tirẹ̀. Èmi ò ní fún un gbé lọ.