Àlájà Lé Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣe 0.0

Obìnrin tó bá ti tajà ní ọjà Wàńdó rí, ẹ má wulẹ̀ fi nǹkan pa mọ́ fún un. Àlájà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ti fi ọjà sílẹ̀ tipẹ́. Ilé ìtẹ̀wé ni wọ́n ní báyìí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ká tẹ káàdì ìgbéyàwó, ká tẹ kàlẹ́ńdà. Ṣùgbọ́n ojú ọjà kò kúrò lójú wọn. Bí wọ́n bá wọlé, ẹni tó jókòó ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó kí ẹni tó dúró.

Èmi ni mò ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn. Ẹyọ kan ni, abẹ́ tábìlì ló wà, ọpọlọ mẹ́rin, mẹ́mọ́rì gíìgì 16. Mo pín in sí virtual machine márùn-ún, kálukú wọn sì gbà pé odidi kọ̀ǹpútà lòun: ìṣirò fún owó, ìtẹ̀wé fún iṣẹ́ títẹ̀, kámẹ́rà fún ṣíṣọ́ ilé, fọ́tò fún àwòrán àwọn oníbàárà, àdírẹ́sì fún pípín nọ́ńbà fún ohunkóhun tó bá fẹ́ wọ íntánẹ́ẹ̀tì ilé náà. KVM, ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan ṣe bí ẹni pé púpọ̀ ni, tó ti wà nínú Linux tó ń darí kọ̀ǹpútà náà láti 2007, ló gbé wọn ró. Virt-top ló sì ń fi hàn wá ẹni tó wà láàyè nínú wọn àti ohun tó ń jẹ. Mo ṣí i sílẹ̀ sórí sikirínì kékeré kan níbi ìgbowó, kí ọmọ iṣẹ́ máa fojú sí i bí n kò bá sí nílé.

Ibẹ̀ ni Àlájà ti rí i.

"Kí ni eléyìí ń kà?"

Ọmọ Sábẹ̀ẹ́ ni ọmọ iṣẹ́ wa, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, abẹ́ %CPU ni iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Abẹ́ %MEM ni ohun tí wọ́n ń jẹ."

Kò sì purọ́.

Àlájà fi ìka tó kún fún làálì lé sikirínì, wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Fọ́tò: iṣẹ́ 25.0, oúnjẹ 25.0. "Ọmọ gidi rèé! Bó ṣe ń jẹ ló ń ṣe." Ìṣirò, 2.1. "Ó ń gbìyànjú." Ìka dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó dúró. Àdírẹ́sì: iṣẹ́ 0.0, oúnjẹ 3.0.

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta-mẹ́ta ni virt-top ń yí nọ́ńbà padà. Ó yí, 0.0. Ó tún yí, 0.0.

"Ó ń jẹun, kò ṣiṣẹ́! Lé e."

Ọmọ náà ní kí wọ́n jẹ́ kí òun pè mí ná. Àlájà ní ọ̀lẹ kì í ní alágbàwí nílé òun. Ni ọmọ bá tẹ virsh shutdown, àṣẹ tó ń ní kí ẹ̀rọ pa ara rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ lásán ni àṣẹ yẹn o, ẹ̀rọ tó bá fẹ́ ṣorí kunkun lè má gbọ́. Àdírẹ́sì kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣé ẹ rí i, yíyá ni wọ́n ń yá nọ́ńbà yẹn, wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ni mo ṣètò rẹ̀ sí, tí kálukú á máa wá tún tirẹ̀ ṣe nígbà tó bá ku ìdajì. Ẹni tí tirẹ̀ kò tíì tán kò ní mọ̀ pé ẹni tó yá a ti lọ. Aago mẹ́wàá ni wọ́n lé e. Títí di ọ̀sán, iṣẹ́ ń lọ geere, Àlájà sì ń yan kiri. "Ta ló mọ̀ pé ó lọ?" Wọ́n tilẹ̀ ní kí àwọn tó ń to káàdì máa ṣe bíi fọ́tò.

Aago méjìlá kọjá díẹ̀, kọ̀ǹpútà ibi ìgbowó já. Ti ẹni tó ń ya káàdì tẹ̀ lé e. Kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà fọ́jú. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé alára dákẹ́ sórí káàdì ìgbéyàwó kan, ìyá ọkọ ìyàwó sì jókòó tì í, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Àlájà pe àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa. Wọ́n fi Faransé bú wọn. Nígbà tí Faransé tán, wọ́n fi Yorùbá parí rẹ̀, wọ́n wá fi Ègùn díẹ̀ dé e lórí.

Èmi wà ní Kétu níbi ìsọmọlórúkọ, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan ẹran ni, fóònù dún.

"Bọ̀ọ̀dá, 169.254 ni nọ́ńbà gbogbo wọn."

Kọ̀ǹpútà tí kò rí ẹni fún un ní nọ́ńbà ló máa ń mú irú èyí fúnra rẹ̀, bí ẹni fọwọ́ ara rẹ̀ kọ káàdì ìdánimọ̀.

"Ṣé àdírẹ́sì kú ni?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Kò kú, Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́."

Àlájà gba fóònù. "Ọkọ mi, o kú ìnáwó o. Ṣé ìyá ìkókó ń gbádùn?" Mo ní à ń dúpẹ́. Mo wá ṣàlàyé fún wọn pé ẹni tí wọ́n lé yẹn, ìgbà tí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, ó sì ń yára ṣe é débi pé kì í tó kà.

"Kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀ nígbà tí mò ń lé e?"

Virsh start, àṣẹ tó ń jí ẹ̀rọ padà, ni mo ní kí ọmọ tẹ̀. Kò pẹ́, gbogbo wọn padà wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìgbà tí mo dé Àjàṣẹ́ ni mo tó yẹ fọ́tò, ọmọ gidi, wò. Àwòrán bíbàjẹ́ kan ló há sí i lọ́fun. Ó ń yí i po, kò lè jáde, odidi ọpọlọ kan nínú mẹ́rin ló sì ń fi ṣe é, 25.0 tí wọ́n ń yìn nìyẹn. Kò parí ẹyọ àwòrán kan. Mo sọ fún Àlájà. Wọn ò dá mi lóhùn, àwọn tó ń to káàdì ló ń fẹnu bo ọwọ́ rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án gangan, ọmọ Sábẹ̀ẹ́ gbórí lé tábìlì, ó ń hanrun.

"Ìwọ! 0.0!"

Kò tilẹ̀ lajú. "Ìyá, ẹ rọra o. Bẹ́ ẹ bá lé mi láàárọ̀, ó di ọ̀sán kẹ́ ẹ tó mọ̀."

Bàtà Àlájà ti kúrò lẹ́sẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán.