Ràkúnmí ní Ṣábẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi, rọra

Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ dàgbà ní Ṣábẹ̀ níbí, ní ilẹ̀ Benin, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko, pé òun ti rí iṣẹ́ tó máa sọ wá dolówó. Ràkúnmí ni o! Ó ní ká jọ dáwó, òun á lọ kó méjì wá láti Niger, akọ kan abo kan, tó bá yá a ó máa ta ọmọ, a ó máa ta wàrà. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Àmọ́ nígbà tí mo rò ó dáadáa, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò burú, Ṣábẹ̀ tó fẹ́ kó wọn wá ni ò dáa fún wọn.

Èmi náà ti rí ràkúnmí rí, kì í ṣe inú fóònù. Lọ́dún 2018 mo tẹ̀lé kàmíọ̀nù gàrí ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Niamey, olú ìlú Niger, ìrọ̀lẹ́ la dé etí afárá Kennedy tí wọ́n fi ń sọdá odò Ọya, àfi bí mo ṣe rí wọn tí wọ́n tò bọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, koríko gbígbẹ tí wọ́n dì sí wọn lẹ́yìn tóbi débi pé orí àti ẹsẹ̀ nìkan lèèyàn ń rí, mọ́tò ń fọn fèrè, wọn ò tiẹ̀ wojú ẹnì kan. Ẹsẹ̀ wọn ni mò ń wò ní tèmi. Tó bá gbé e lélẹ̀, á tẹ́ pẹrẹsẹ bí àkàrà tí wọ́n fọwọ́ tẹ̀, kò sì ní dún. Pátákò màlúù máa ń họ ilẹ̀, tiẹ̀ rọ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í rì sínú yanrìn.

Iké ẹ̀yìn ẹ̀ ńkọ́? Omi ni mo rò pé ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, irọ́ ni, ọ̀rá ni. Ọgbọ́n tó ń dá sómi ni pé kì í fi ṣòfò: ara ẹ̀ á gbóná gan-an lọ́sàn-án kó tó làágùn, ìtọ̀ ẹ̀ ki, ó sì lè gbẹ títí ìwúwo ara ẹ̀ á fi dín ní ìdá kan nínú mẹ́rin kó má sì kú. Ọjọ́ tó bá wá débi kànga, ó lè mu ju 100 lítà lọ láàárín bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ wo kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́rin, ó ti gbé e mì!

Wàrà ẹ̀ ló kàn mí. Ìyá kan ará Kétu tó ti pẹ́ ní Niamey bu igbá kan fún mi, ó ní, "Rọra mu ún o, ọmọ mi, kò tíì mọ́ ẹ lára." Mi ò gbọ́. Ó níyọ̀ díẹ̀, ó ń hó lórí, mo gbé e mu tán, ilé ìgbẹ́ ni mo ti rí ojúmọ́ ọjọ́ kejì. Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní àwọn ti gbìyànjú láti fi ewé bọmubọmu ṣe wàgàsì, ìyẹn wàrà dídì, nínú ẹ̀, bí a ti ń ṣe ti màlúù, ó kàn ṣàn bí ògì ni. Lóòótọ́, wàrà ràkúnmí kì í dì bọ̀rọ̀. Síbẹ̀ wọ́n rí i ṣe ní Mauritáníà: Nancy Abeiderrahmane dá ilé iṣẹ́ wàrà Tiviski sílẹ̀ ní Nouakchott, olú ìlú wọn, lápá ìparí àwọn ọdún 1980, ọwọ́ àwọn darandaran ló ti ń ra wàrà, nígbà tó yá wọ́n fi ṣe wàgàsì tiwọn, Caravane ni wọ́n sọ ọ́. Ibẹ̀ lowó wà o jàre, kì í ṣe ìdí ọmọ títà, torí oṣù mẹ́tàlá ni oyún ràkúnmí, bíi ọdún méjì síra ló ń bímọ. Ẹni tó ń kánjú, kó lọ sin ẹlẹ́dẹ̀.

Ní àríwá Kẹ́ńyà, lọ́dọ̀ àwọn darandaran Samburu, ọ̀dá pa màlúù wọn títí ọ̀pọ̀ fi kó sídìí ràkúnmí, torí tí ọmú màlúù bá ti gbẹ, ràkúnmí ṣì ń lówàrà, ewé igi ẹlẹ́gùn-ún tí màlúù ò lè nà dé ló ń jẹ.

Àmọ́ Ṣábẹ̀ ńkọ́? Òjò ń rọ̀, ẹrẹ̀ ń yọ̀, ẹsẹ̀ pẹrẹsẹ yẹn á yọ̀ tẹ̀ẹ̀rẹ̀ ni, eṣinṣin tsétsé tó ń kó àìsàn sínú ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú igbó wa, kò ní jẹ́ kí ràkúnmí pẹ́. Tó bá jẹ́ apá Malanville tàbí Karimama, ní àríwá Benin lókè lọ́hùn-ún, ìyẹn ṣeé sọ. Ohun tí èmi ń fẹ́ nínú ẹ̀ yàtọ̀: gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni màlúù ń wọ oko gbàgudá bàbá mi, ìjọba fòfin de àwọn darandaran òkèèrè lópin ọdún 2019, àmọ́ ọ̀dá tó ń lé wọn bọ̀ ò mọ òfin. Bí wọ́n bá ní ẹran bíi ràkúnmí tó lè fara da ọ̀dá nílẹ̀ wọn, ó ṣeé ṣe kí àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ wá dín kù. Mi ò sọ pé ìjà á tán o.

Mo kọ gbogbo èyí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi. Ó kà á, ó pẹ́ díẹ̀, ó wá kọ ọ́ padà pé, "Ẹṣin ńkọ́?" Mi ò tíì dá a lóhùn.