Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí kọ́sítọ́mà kíà tètè dá yín lóhùn

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó máa ń bí mi nínú. Èèyàn á pe kọ́sítọ́mà kíà, á gbọ́ orin títí, orin kan náà ṣáá, ìgbà tí wọ́n bá wá gbé e, tí ọmọ tó wà lẹ́yìn fóònù ní "ẹ káàárọ̀ mà, kí la lè bá yín ṣe", ẹni tó pè á ní "nẹ́tíwọ̀kì yín ò dáa rárá, olè ni gbogbo yín." Ó tán síbẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìdúró yẹn. Kí lẹ wá fẹ́ kọ́mọ ọlọ́mọ ṣe? Kò rí ilé yín, kò rí ráútà yín, ó tiẹ̀ lè má sí ní Ìlọrin rárá, nǹkan kan ló wà lójú kọ̀ǹpútà ẹ̀ tó ń kà látòkè délẹ̀: ẹ pa á mà, ẹ tàn án mà, ẹ dúró díẹ̀, ṣé ó ti dé? Tí ò bá dé, á ní "a máa rán wọn sí yín." Ìgbà wo? Kò sọ, ẹ̀yin náà ò bi í torí inú ti ń bí yín.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Tanke níbí, à ń tẹ̀wé, à ń ṣe fọ́tòkọ́pì, à ń bá àwọn ọmọ Unilorin ṣe rẹjisíréṣọ̀n kọ́ọ̀sì. Tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, owó lọ nìyẹn, pàápàá tó bá ku díẹ̀ kí wọ́n ti pọ́tà, àwọn ọmọ á to lọ sí títì, wọ́n á sì gba ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì lọ. Bí mo ṣe kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá àwọn èèyàn yìí sọ̀rọ̀ nìyẹn, àdúgbò wá sọ mí di kọ́sítọ́mà kíà tiwọn. Ti dìkódà, ti ráútà, ti MiFi (ẹ̀rọ kékeré tó ń lo síìmù láti fúnni ní Wi-Fi), ọ̀dọ̀ mi ni. Kò sì sẹ́ni tó ń sanwó oṣù fún mi o.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ẹni tó kọ́kọ́ gbé fóònù yẹn kò lè tún wáyà ṣe. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó gbọ́ ẹjọ́ yín, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì pinnu ẹni tó máa tì í sí. Tẹ́ ẹ bá ti fi ọ̀rọ̀ yín hàn án kedere láàárín ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ó máa fo gbogbo "ẹ pa á, ẹ tàn án" yẹn, ó máa tì í sọ́dọ̀ àwọn tó ní àkàbà. Tí ò bá yé e, ibẹ̀ lẹ máa wà.

Torí náà ẹ wo iná kẹ́ ẹ tó pè. Tó bá jẹ́ fáíbà lẹ̀ ń lò, àpótí funfun kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, tí wáyà tín-ín-rín yẹn wọ inú ẹ̀, ó ní iná tí wọ́n kọ PON sí àtèyí tí wọ́n kọ LOS sí. Tí PON bá dúró láwọ̀ ewé, tí LOS ò tàn, nǹkan ń wọlé látọ̀dọ̀ wọn. Tí LOS bá pọ́n, tó wá ń ṣẹ́jú, ó ti bàjẹ́ níta nìyẹn, torí ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú fáíbà, tí wáyà yẹn bá já níbì kan tàbí tí wọ́n ká a jù, ìmọ́lẹ̀ ò ní dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ lè máa pa ráútà kẹ́ ẹ máa tàn án dìgbà tí wọ́n máa pe Màgíríbù, kò ní dé. Bóyá tíípà kan ló fa wáyà já lójú títì, bóyá àwọn tó ń ṣe títì ló fi katapílà gé e, bóyá eku ló jẹ ẹ́ (eku àdúgbò wa yìí, ẹ má dá mi lóhùn). Ẹ ṣáà sọ ọ́ báyìí: "LOS mi pọ́n láti aago méje àárọ̀." Gbólóhùn yẹn nìkan ń ṣiṣẹ́ ju èébú lọ. Kẹ́ ẹ sì ti béèrè lọ́wọ́ ilé kejì bóyá tiwọn náà lọ, torí tó bá jẹ́ gbogbo òpópónà ni, wọ́n máa ń yára sí i, wọ́n mọ̀ pé fóònù míì ń bọ̀.

Tí LOS ò bá pọ́n, tí PON náà dúró dáadáa, ṣùgbọ́n tẹ́ ò lè ṣe nǹkan kan, ẹ lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ráútà gan-an kẹ́ ẹ gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí kì í ṣiṣẹ́ ní yàrá, ògiri yín ni, kì í ṣe kọ́ḿpìnì. Ráútà tó pọ̀ nísìnyí ń fún yín ní orúkọ Wi-Fi méjì, èyí tí wọ́n kọ 5G sídìí ẹ̀ yára lóòótọ́, àmọ́ kì í fẹ́ gba inú ògiri kọjá. (Wọ́n ń pè é ní 5G, kì í ṣe 5G ti fóònù o, 5GHz ni wọ́n ń wí.) Àwọn tó ń gbé nínú agboolé lápá Ọjà Ọba, tí ògiri ilé bàbá wọn nípọn, tí wọ́n tún gbé ráútà sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀, kò sí kọ́sítọ́mà kíà tó lè gbà yín. Ẹ lo èyí tí kò ní 5G lára, kẹ́ ẹ sì gbé nǹkan yẹn síbi tójú ti lè rí i.

Ti dìkódà rọrùn jù báyẹn, torí ó máa ń sọ ohun tó ń ṣe é fúnra ẹ̀, àwa la kì í kà á. Lórí DStv, tẹ́ ẹ bá rí E16, ọ̀rọ̀ sọ́bù ni, bóyá owó ti tán tàbí ẹ ti san tí kò tíì dé orí káàdì. Ẹ fi dìkódà sílẹ̀ ní títàn, kẹ́ ẹ lọ sórí áàpù wọn tàbí kẹ́ ẹ tẹ *288#, ẹ ò nílò láti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. E48-32 ní tiẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó rárá, sígínà ló sọnù. Tó bá jẹ́ òjò ńlá ló ń rọ̀, ẹ jókòó yín jẹ́ẹ́, òjò tó bá wúwo máa ń dí sígínà sátẹ́láìtì lọ́nà, tó bá dá, ó máa dé. Tí òjò bá ti dá tí kò dé, dííṣì ti yí tàbí wáyà ti tú, oníṣẹ́ dííṣì lẹ máa pè, kì í ṣe kọ́sítọ́mà kíà. Èèyàn á rí E48, á lọ tún sọ́bù míì san! Mo ti rí i o, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti nọ́ńbà, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ní ìlú yìí. Alhaja kan wà ní ẹ̀yìnkùlé wa, ọmọ wọn tó wà ní Èkó ló bá wọn ra dìkódà, ló bá fi nọ́ńbà ara ẹ̀ rẹjísítà. Gbogbo ìgbà tí Alhaja bá pè, wọ́n á ní "ẹ jọ̀ọ́ mà, nọ́ńbà wo ló wà lórí àkáǹtì?" Alhaja á ní "èyí tí mo fi ń pè ọ́ yìí ńkọ́." "Rárá mà, òun kọ́." "Kí ló dé tí kì í ṣe òun, ṣé èmi kọ́ ni mò ń sanwó ni?" Ọ̀rọ̀ á di àríyànjiyàn, kírẹ́díìtì á jó tán. Ọmọbìnrin tó wà lórí fóònù kọ́ ló ń ṣe agídí, kò lè ṣí àkáǹtì ẹlòmíì fún ẹni tí ò mọ̀, èmi ò sì fẹ́ kí wọ́n ṣí tèmi náà fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Èkó àti Saudi tẹ́ ẹ̀ ń ra nǹkan ránṣẹ́ sílé, ẹ ṣé, Ọlọ́run á san yín lẹ́san, àmọ́ nọ́ńbà màmá yín ni kẹ́ ẹ fi sí i. Èyí tó burú jù ni kí oníṣẹ́ tó wá fi í sí fi nọ́ńbà tiẹ̀ rẹjísítà, kó wá kó lọ sí Àbújá. Tó bá ti rí báyẹn, fóònù ò lè yanjú ẹ̀, ẹ gbé káàdì àti ID yín lọ sí ọ́fíìsì wọn, kí wọ́n yí i sórúkọ yín. Lẹ́yìn náà ẹ kọ nọ́ńbà àkáǹtì tàbí IUC (nọ́ńbà dìkódà) yẹn sórí sẹ́lótéèpù, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ dìkódà, kó má di pé ẹ̀ ń fi tọ́ọ̀ṣì wá a nígbà tí wọ́n ń dúró dè yín.

Èèyàn lè ní òun ò ní pe ẹnikẹ́ni, orí Facebook tàbí X lòun máa kọ ọ́ sí. Ó máa ń yára lóòótọ́, torí gbogbo ayé ń wò, wọn ò fẹ́ ìtìjú. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà làwọn oníjìbìtì ń ṣọ́. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ "mo ti sanwó, kò tàn" ni, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, àkáǹtì kan á ti dáhùn, lógò kọ́ḿpìnì, orúkọ kọ́ḿpìnì pẹ̀lú "help" tàbí "care" lẹ́yìn ẹ̀, á ní "ẹ pẹ̀lẹ́ ọ̀gá wa, ẹ fi nọ́ńbà WhatsApp yín ránṣẹ́." Ẹ wo bí wọ́n ṣe yára! Kọ́ḿpìnì gidi kì í yára tóyẹn (ẹ má bínú, òótọ́ ni). Láti ibẹ̀ wọ́n á ní àwọn fẹ́ dá owó yín padà, kẹ́ ẹ mú nọ́ńbà káàdì ATM wá, kẹ́ ẹ ka OTP tó wọlé fún àwọn. Ẹni tó bá ka OTP fún wọn, owó ẹ̀ ti lọ. Sọ́bù ò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú PIN, kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú BVN. Orí wẹ́ẹ̀bù kọ́ḿpìnì fúnra wọn tàbí ẹ̀yìn páálí dìkódà ni kẹ́ ẹ ti mú nọ́ńbà wọn, ẹ má wá a lórí Google kẹ́ ẹ kàn pe èyí tó bá kọ́kọ́ jáde. Ẹ bá mi sọ fáwọn bàbá àti ìyá wa, torí àwọn ni wọ́n ń fojú sí.

Àwọn tó ń lo síìmù nínú MiFi ńkọ́? Láti 2023, NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, ti ní kí gbogbo nẹ́tíwọ̀kì máa lo nọ́ńbà kan náà, 300 ni kọ́sítọ́mà kíà lórí gbogbo síìmù, *323# lẹ fi máa wo dátà tó kù. Ẹ wo ìyẹn ná, kó má jẹ́ pé dátà ti tán tẹ́ ẹ̀ ń bá ọmọlọ́mọ jà. Ẹ̀yin ará wa ní Ọ̀fà àti Òmù-Àrán tí fáíbà ò tíì dé àdúgbò yín, tẹ́ ẹ lọ ra Starlink, tiyín tún yàtọ̀, inú àkáǹtì yín lórí áàpù lẹ máa kọ ọ́ sí. Ẹ ya fọ́tò ibi tẹ́ ẹ gbé dííṣì sí mọ́ ọn, torí tí igi bá wà níwájú ẹ̀, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn.

Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá lò, ẹ má gbé fóònù sílẹ̀ láìgba nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní kó ka nọ́ńbà yẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ béèrè orúkọ ẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n máa wá. Tẹ́ ẹ bá tún pè lọ́la, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìtàn látìbẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà lẹ máa kọ́kọ́ sọ. Bí tèmi ṣe máa ń rí nìyí tó bá jẹ́ orí WhatsApp ni mo ti kọ ọ́: "Ẹ káàárọ̀. Nọ́ńbà àkáǹtì mi rèé. Tanke, Ìlọrin. LOS pọ́n láti aago méje. Mo ti pa á mo ti tàn án. Ilé kejì náà ò ní. Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì." Kò sí ìkíni tó gùn, kò sí èpè, mo á fi fọ́tò iná yẹn tì í. Ẹni tó ń kà á lẹ́yìn wákàtí méjì, bí ò tiẹ̀ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́, ó máa yé e.

Tí tíkẹ́ẹ̀tì yẹn bá wá wà níbẹ̀ tí ọjọ́ ń gorí ọjọ́, tó bá jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tàbí síìmù, ẹ pe 622, ti NCC ni, wọn ò ní yọ kọ́bọ̀. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín ni bóyá ẹ ti fi ẹjọ́ sun kọ́ḿpìnì, ibẹ̀ ni nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ti máa wúlò, ẹni tí ò ní i, wọ́n á dá a padà. Àmọ́ NCC kì í dá sí ọ̀rọ̀ dìkódà, ẹ má fi àsìkò ṣòfò, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀, lẹ máa kọ̀wé sí fún ìyẹn, ọ̀rọ̀ oníbàárà ni wọ́n dá wọn sílẹ̀ fún.

Àti pé tí wọ́n bá ti tún un ṣe tán, tí gbogbo èèyàn ń ṣe alhamdulillah, ẹ bi wọ́n léèrè àwọn ọjọ́ tí kò ṣiṣẹ́ yẹn. Ẹ ní kí wọ́n fi kún sọ́bù yín, ẹ sọ ọjọ́ tó lọ àti ọjọ́ tó dé, ẹ sọ nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì. Wọn kì í sáábà fi kún un fún ẹni tí ò béèrè.