Ẹ bá mi bẹ àwọn ẹbí mi kí wọ́n máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò wọn

Nínú ẹbí tiwa kò sẹ́ni tí ò mọ mọ́tò fọ̀. Láàárọ̀ Sátidé wàá rí wọn tàwọn ti kànìnkànìn àti ọṣẹ, wọ́n á fọ̀ ọ́ títí á fi máa dán, wọ́n á nu dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n á gbé fúrẹ́ṣìnà tuntun kọ́ sára díńgí, ó máa ń wù mí láti wò. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n fa géèjì ọ́ìlì yọ, kí wọ́n wo omi rédíétọ̀, ìyẹn ni wọn ò ní ṣe láéláé, tó o bá sì béèrè, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn máa sọ: "ṣebí ó ṣì ń lọ." Ó ti pẹ́ tọ́rọ̀ yìí ti ń dùn mí, mo wá ní kí n kọ ọ́ síbí torí mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹbí tiwa nìkan ló ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n mú un látorí àbúrò bàbá mi tá à ń pè ní Dádì Ìjẹ̀bú. Corolla ni wọ́n ń wà, mọ́tò tó lágbára gan-an ni. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná jù, mẹkáníìkì wọn yọ tẹ́mósítáàtì dànù, ó ní torí òtútù ìlú òyìnbó ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀, pé nílẹ̀ olóoru bíi tiwa a ò nílò ẹ̀. Ó tún so fáànù rédíétọ̀ ní dáírẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n bá ti tan mọ́tò báyìí fáànù á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, kò ní sinmi àfi tí wọ́n bá pa á. Gbogbo ìyẹn, wọ́n ń sá fún ibi tí wàhálà wà ni, torí ohun tó ń ṣe mọ́tò yẹn gan-an ò ju pé rédíétọ̀ ẹ̀ ń jò lọ. Tẹ́mósítáàtì tí wọ́n sì yọ sọnù yẹn, òun ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ kó sì dúró síbẹ̀, tí kò bá sí ńbẹ̀ mọ́, ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́ bíi pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ bá a, á sì máa jẹ epo, epo tí gbogbo wa ń pariwo pé ó wọ́n yìí náà ni o.

Dádì wá sọ ọ́ di àṣà, láràárọ̀ wọ́n á já píọ̀ wọ́tà sínú rédíétọ̀, tí kò bá sí píọ̀ wọ́tà wọ́n á pọn omi kànga. Mo sọ fún wọn pé "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ á ra kúláǹtì," wọ́n ní omi aláwọ̀ ewé lásán ni wọ́n ń tà fáwọn ọmọ ìsinsìnyí. Kì í ṣe omi aláwọ̀ lásán. Omi tá à ń mu, tó bá ti dé 100°C ó ti hó nìyẹn, àmọ́ tí wọ́n bá po kúláǹtì mọ́ omi ní ìdajì sí ìdajì, ó di nǹkan bíi 106°C kó tó hó, tí ìdérí rédíétọ̀ bá sì wá dáa tó dè é dáadáa, ó tún máa ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òun náà ni kì í jẹ́ kí inú ẹ́ńjìnnì dípẹtà. Omi kànga ní tiẹ̀, ìdọ̀tí tó wà nínú ẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ inú àwọn ọ̀nà tóóró inú rédíétọ̀ títí wọ́n á fi dí. Ìgbà tí mọ́tò náà wá dájú sọ wọ́n, ọ̀nà Ṣàgámù ni wọ́n wà, ọwọ́ tẹmpirétọ̀ gùn lọ sókè, wọ́n rí i o, wọ́n ní ibi tí àwọn ń lọ ò jìnnà mọ́, pé tí àwọn bá débẹ̀ àwọn á jẹ́ kó tutù. Ìyẹn ló pa á. Àlùmíníọ́ọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì yẹn, tó bá gbóná kọjá ààlà á tẹ̀, tó bá ti tẹ̀, tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara ẹ̀ ò lè dè é mọ́, omi àti ọ́ìlì á wá papọ̀. Nígbà tí mẹkáníìkì tú u, ọ́ìlì inú ẹ̀ ti funfun, ó ki bí ògì tí wọ́n da mílíìkì sí. Owó tí wọ́n fi tún un ṣe, ó tó ra rédíétọ̀ tuntun, tẹ́mósítáàtì àti kúláǹtì ọ̀pọ̀ ọdún, owó á ṣì tún ṣẹ́ kù.

Ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń kó mi láyà sókè jù. Camry tí à ń pè ní Muscle ni wọ́n ń wà, ẹ mọ̀ ọ́n, ti 2007 sí 2011. Èyí tó ní ẹ́ńjìnnì 2.4 nínú wọn, àgàgà ti 2007 sí 2009, kò sí mẹkáníìkì tó gbọ́ iṣẹ́ tí ò mọ̀ pé ó máa ń mu ọ́ìlì. Toyota fúnra wọn gbà bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi kún wáráńtì àwọn mọ́tò yẹn kí wọ́n lè bá àwọn tó ni ín pààrọ̀ písítìnì àti ríìngì ẹ̀. Ẹni tó bá wá ń wa irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, tí kò sí wáráńtì kankan lọ́rùn ẹ̀, ṣé kò yẹ kó máa wo géèjì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni? Bọ̀ọ̀dá mi ní àwọn ti ṣe sáfíìsì, pé ó di ìgbà tó bá tún pé 5,000 kìlómítà.

Ọjọ́ Àìkú kan tí wọ́n wá kí màámi, mo ní kí wọ́n gbé mọ́tò síbi tó tẹ́jú, kí wọ́n pa á ká dúró díẹ̀ kí ọ́ìlì sàn wálẹ̀. Mo fa géèjì yọ, mo fi àkísà nù ún, mo tì í padà dé ìsàlẹ̀, mo tún fà á yọ. Àmì méjì ló wà lẹ́sẹ̀ géèjì, ti òkè ni pé ó kún, ti ìsàlẹ̀ ni pé kò gbọ́dọ̀ kéré sí ibẹ̀ yẹn mọ́. Ọ́ìlì ò dé ti ìsàlẹ̀ pàápàá. Ṣóńṣó ẹnu irin yẹn ló kàn rin díẹ̀, ó dúdú kirikiri, mo fi ìka méjì pa á, ó ṣe ṣákaṣàka lọ́wọ́ mi. Mo pe bọ̀ọ̀dá mi, mo ní "ẹ wá wò ó," wọ́n wò ó, wọ́n ní "ṣebí iná ọ́ìlì ò tíì tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù."

Ọ̀rọ̀ iná yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn gbọ́ dáadáa. Iná pupa tí wọ́n ya agolo ọ́ìlì sí yẹn, kì í ṣe iye ọ́ìlì tó kù ló ń sọ fún yín. Agbára tí ọ́ìlì fi ń sáré káàkiri inú ẹ́ńjìnnì ló ń wò, tí agbára yẹn bá ti lọ sílẹ̀ débi tí iná á fi tàn, irin ti lè máa ha irin nínú lọ́hùn-ún, ẹ ò ní dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá délé, ojú ẹsẹ̀ lẹ máa gbẹ́sẹ̀ kúrò lọ́nà kẹ́ ẹ pa á. Lítà 4.3 péré ni ẹ́ńjìnnì yẹn ń gbà pẹ̀lú fílítà, gálọ́ọ̀nù lítà 4 kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un tán. Tí wọn ò bá rí owó gálọ́ọ̀nù kan rà, tí ẹ́ńjìnnì bá wá nọ́ọ̀kì ńkọ́? Ó di kí wọ́n lọ sí Ládípọ̀ ní Mushin tàbí Gate n'Ìbàdàn lọ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tẹ́nikẹ́ni ò mọ bí ẹni àkọ́kọ́ ṣe lò ó, ó sì lè jẹ́ òun náà ń mu ọ́ìlì.

(Ọ́ìlì náà gan-an, ẹ má kàn rà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì torí pé ó pọ́ọ́kú o. Àwọn kan wà tó ń gba ọ́ìlì tí wọ́n ti lò lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á rọ ọ́ sínú gálọ́ọ̀nù tó ní lébẹ́ẹ̀lì tó mọ́. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ mọ̀.)

Táyà wá ni ti àǹtí mi. Wọ́n ń gbé àwọn ọmọ lọ sí sùkúù láràárọ̀, wọ́n á tún gba títì márosẹ̀ lọ sọ́jà. Mo tẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn wọn, mo ń wá lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ló máa sọ ọjọ́ orí táyà fún yín, méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Ohun tí mo rí ni 0914. Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Michelin tó jẹ́ pé táyà ni iṣẹ́ wọn sọ pé tí táyà bá ti pé ọdún 10 kí wọ́n yọ ọ́, bó ti wù kó dáa lójú tó. Èyí ò sì dáa lójú, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ti sán wẹ́wẹ́ yí ká, ojú ẹ̀ ti dán. Àǹtí ní tòkunbọ̀ ni, pé fọkanáísà sọ fún àwọn pé "ìlú òyìnbó ló ti wá, ó le ju tuntun lọ." Ọ̀rọ̀ ọjà nìyẹn. Rọ́bà tó bá ti gbó máa ń gan ni, oòrùn wa yìí á tún wá jó o, á le lóòótọ́, àmọ́ líle yẹn gan-an ló máa jẹ́ kó bẹ́. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fọ́n sí i náà, àfojúdá ni, bẹ́ẹ̀ sítíkà tó ń sọ iye tó yẹ wà lára férémù ilẹ̀kùn dírẹ́bà tí wọ́n ń ṣí lójoojúmọ́.

Ẹ rántí Mínísítà James Ocholi tó kú lọ́nà Kàdúná sí Àbújá ní oṣù kẹta 2016, òun, ìyàwó ẹ̀ àti ọmọ ẹ̀. FRSC ní eré àsápajúdé ni wọ́n ń sá, táyà ẹ̀yìn wá bẹ́. Mọ́tò mínísítà ni o. Táyà ò mọ mínísítà, kò sì mọ ìyá àwọn ọmọ tó ń lọ sí sùkúù.

Mi ò sọ pé owó wà nílẹ̀ o. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ sọ́bsídì ní oṣù karùn-ún 2023, tí epo kúrò ní nǹkan tí ò tó 200 náírà lítà kan tó sì kọjá 1,000 náírà kí 2024 tó parí, mo mọ bó ṣe rí, ẹni tó bá ra epo tán owó ti tán lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, nínú gúrúùpù WhatsApp ẹbí wa, gbogbo ìgbà tí mọ́tò ẹnì kan bá kú, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé nọ́ńbà àkáǹtì sí, gbogbo wa la ó sì dá a, mi ò rí ẹni tó kọ̀ rí, torí ẹbí ni wá. Kò sẹ́ni tó tíì gbé nọ́ńbà àkáǹtì síbẹ̀ pé "ẹ jọ̀ọ́, ó tó àkókò sáfíìsì mi." Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyí. Ẹni tó ni mọ́tò ló ń sọ pé mọ́tò òun ni, pé kò kan ẹnikẹ́ni, àmọ́ tó bá bàjẹ́ gbogbo wa la máa ń san án, tó bá sì ń lọ sóde ìnáwó, màámi ló ń jókòó níwájú, àwọn ọmọ ló wà lẹ́yìn.

Àti pé tó o bá jẹ́ àbúrò, ẹnu rẹ ò tólẹ̀. "Ṣé ìwọ lo bá mi rà á ni?" ni wọ́n máa fi dá ọ lóhùn. Àwọn míì á ní Ọlọ́run ń ṣọ́ àwọn, pé pásítọ̀ ti fòróró yàn án nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Àmín ni mò ń ṣe sí àdúrà yẹn, tọkàntọkàn. Bàbá bàbá mi wa bọ̀lẹ̀kájà nígbà ayé wọn, wọ́n ń bọ Ògún lọ́dọọdún, síbẹ̀ wọn ò ní tan ẹ́ńjìnnì láàárọ̀ láìṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wo omi àti ọ́ìlì, kí wọ́n sì yí mọ́tò po lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n fẹsẹ̀ gbá táyà kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi ló sọ ọ́ fún mi.

Àbúrò màámi tó wà ní London náà ò fẹ́ràn kí wọ́n máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ìjọba ibẹ̀ ò fi í lọ́rùn sílẹ̀, mọ́tò tó bá ti lé lọ́dún mẹ́ta gbọ́dọ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní MOT lọ́dọọdún, tí ojú táyà bá ti jẹ wọ ìsàlẹ̀ mìlímítà 1.6, kò ní yege. Nílé ńbí, ẹlòmíì á kówó fún ẹni tó ń bá a ṣe pátíkúlà, pépà rodwọ́tínẹ́ẹ̀sì á délé, mọ́tò ò sì kúrò nínú ọgbà. Nítorí náà àwa ẹbí la máa ṣe VIO ara wa.

Ohun tí mo ti ṣe rèé. Mo ra gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì kan fún bọ̀ọ̀dá mi, mo ní kí wọ́n fi í sí búùtù, inú wọn kọ́kọ́ ò dùn, àmọ́ wọ́n ti ń wo géèjì fúnra wọn báyìí, wọ́n tiẹ̀ pè mí láìpẹ́ yìí pé ó ti ń lọ sílẹ̀, àwọn sì ti fi díẹ̀ kún un, inú mi dùn gan-an. Dádì Ìjẹ̀bú ti ń lo kúláǹtì. Ó wá ku àǹtí mi. Kérésì ń bọ̀, wọ́n ní àwọn ló máa gbé màámi lọ sílé, mo ti bá màámi sọ̀rọ̀, màámi sì ti ní àwọn ò ní wọ mọ́tò yẹn pẹ̀lú táyà 2014, wọ́n sọ ọ́ fún àǹtí lójú gbogbo wa. Owó táyà tuntun méjì wà lọ́wọ́ mi, bọ̀ọ̀dá mi ní àwọn á dá ti ìkẹta, ó ku ti ìkẹrin. Ẹ̀yin ẹbí mi tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, ẹ ti mọ nọ́ńbà àkáǹtì mi.